Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Ni Dókítà Wí, Èmi Ni Mo Sọ Ọ́ Di Títí Láé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé ojúewé yìí, ẹ kà mí tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan sínú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n àfi Ọlọ́run àti fóònù mi. Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ènìyàn kan ti mọ̀. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an yóò gbọ́ ọ, bóyá lẹ́nu mi, bóyá lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Oníròyìn rédíò ni mí. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ṣe é. Iṣẹ́ mi ni kí n gbọ́ tẹnu ènìyàn, kí n sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. N kì í fi kún un, n kì í yọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan péré ni mo yí padà rí, kì í sì í ṣe lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ ilé mi ni.

Ìyáálé mi ni mo ṣe é sí. Ìyá Ràfíù ni màá máa pè é níbí, Bàbá Ràfíù ni màá sì pe ọkọ wa. Mo ti yí orúkọ gbogbo padà. Ìlú Òsì ni a ń gbé. Àgbẹ̀ oníṣu ni ọkọ wa, alfa sì ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú lẹ́yìn Ásárì. Kò lọ sí ilé-ìwé gẹ̀ẹ́sì. Ìyá Ràfíù náà kò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mo gbà wọlé.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀: wọ́n ní kí n wá gbọ́ tẹnu àwọn oníṣu, òun ló sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù nínú wọn. Mo mọ̀ pé ó ní ìyàwó nílé. Kò sẹ́ni tó tàn mí.

Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, Ìyá Ràfíù ló da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, wọlé o jàre. Ọkùnrin yìí kì í gbọ́ràn, ó ti rẹ̀ mí. Wá bá mi bá a wí." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọkọ wa gan-an rẹ́rìn-ín. Èdè ìlú wa ló fi sọ ọ́. Mo yí i sí èyí tí gbogbo yín á gbọ́.

Ẹ má rò pé ó fìyà jẹ mí. Ì bá sàn kó fìyà jẹ mí. Ǹ bá rí nǹkan dì mú.

Ọjọ́ méjì méjì ni Bàbá Ràfíù pín fún wa, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ẹni tó ni ọjọ́ ló ń dáná, yàrá rẹ̀ ni ọkọ ń sùn. Kò rẹ́ mi jẹ rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mi, á jẹun, á dúpẹ́, á sì gbé kéwú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìyáálé mi, ẹ̀rín ni mo máa ń gbọ́. Ọ̀sán gangan, wọ́n á jókòó sídìí máńgòrò, ó ń jọ gààrí, ọkọ ń bá a ṣa ìdọ̀tí inú rẹ̀, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n ń rín? Mo máa ń yọ́ lọ sídìí fèrèsé láti gbọ́. Ẹ wo oníròyìn! Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ àbúrò ẹnì kan tó já sí kòtò nígbà pípẹ́ sẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó yẹ kó dun ènìyàn, ó sì ń dùn mí.

Ọkọ wa ń pe Ìyá Ràfíù ní Àjọkẹ́. Èmi, "Ìyá Mọ́ríámù" ló ń pè mí. Èmi náà ní oríkì o. Àbẹ̀ní ni. Kò bi mí rí.

Àwọn àgbà ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú. Tèmi kò tilẹ̀ dé ètè.

Ọmọ méje ni Ìyá Ràfíù bí, ojú ara ni gbogbo wọn gbà wáyé. Ó ru iṣu láti oko, ó ru gààrí lọ sọ́jà. Nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí yọ sí i lábẹ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo já a mú nílé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó ń ká àkísà sábẹ́.

Mo ní, "Ìyá Ràfíù, kí nìyẹn?"

Ó ní, "Má pariwo, Ìyàwó. Ilé-ọmọ ni. Ó ní inú ilé ti sú òun, òun fẹ́ máa wo ìta."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó dáadáa, omi wà lójú rẹ̀. Tó bá wúkọ́, ìtọ̀ á já lé e lára. Tó bá dúró pẹ́ lọ́jà, ó máa ń wálẹ̀ débi pé yóò fi ọwọ́ tì í padà kó tó lè rìn délé. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

A gbé e lọ sí Ìlọrin. Ará Òkè Ọya ni dókítà tó bójú tó o, kò gbọ́ Yorùbá. Ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì dí, ó wá ní kí wọ́n wá ẹni tó máa tú ọ̀rọ̀ òun fún aláìsàn. Àwọn ọmọ Ìyá Ràfíù gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ọmọ bíbí rẹ̀ kó wá tú ọ̀rọ̀ abẹ́ ìyá rẹ̀? Ìyá Ràfíù ní, "Ìyàwó mi ń bẹ níhìn-ín. Oníròyìn ni, kì í yí ọ̀rọ̀ padà."

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ dókítà kí fóònù mi máa gba ohùn rẹ̀. Àṣà iṣẹ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tó wí, torí ó lè wúlò fún ẹnì kan nínú yín. Ó ní òun kò ní la ikùn. Ọ̀nà ojú ara náà ni òun máa gbà gé ilé-ọmọ kúrò, kí òun sì rán ibẹ̀ mọ́ òkè kó má baà wálẹ̀ mọ́. Kò ní sí àpá kankan níkùn. Ó ní wọ́n lè gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, tí ara rẹ̀ yóò kú láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Ó lè máa gbọ́ ohùn wọn nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, kò sì ní mọ ìrora. Tí wọ́n bá ṣe é tán, rọ́bà yóò wà lára rẹ̀ tí ìtọ̀ á máa gbà jáde, wọ́n á sì ki aṣọ funfun gígùn sí i lójú ara kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á yọ ọ́. Wọ́n á sì gbé e dìde kó rìn, bó tilẹ̀ ń kọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ni mo tú fún un lọ́jọ́ yẹn. N kò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ìyá Ràfíù ní, "Ọ̀nà tí Ràfíù gbà jáde náà ló fẹ́ gbà? Sọ fún un kó rọra o. Ràfíù olórí ńlá ti ba ọ̀nà yẹn jẹ́ tipẹ́." Mo tú u fún dókítà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ bó ṣe wí. Ó jí, ó bèèrè omi. Lọ́jọ́ kejì wọ́n yọ aṣọ, wọ́n yọ rọ́bà, wọ́n mú un rìn yí wọ́ọ̀dù ká. Lọ́jọ́ kẹta dókítà ní ó lè máa lọlé. Ó pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láti sọ bí a ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Mo tún tẹ fóònù.

Ó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí omi tó pọ́n lè máa yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a má fòyà. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, tó bá ń rùn, tí ibà bá mú un, tí ìtọ̀ bá há, tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dùn ún, kí a gbé e padà kíá. Kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wíwúwo, kò gbọdọ̀ gúnyán. Kò gbọdọ̀ jókòó lé omi gbígbóná bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ìbímọ, kò sì gbọdọ̀ ki álọ́ọ̀mù tàbí egbògi kankan sójú ara. Kó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ kí ìgbẹ́ má baà le. Kò ní rí nǹkan oṣù mọ́, kò ní lóyún mọ́.

Lẹ́yìn náà ó sọ ti ọkọ. Mo ń tú u bó ṣe wà nínú fóònù mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un gbọ́ láàárọ̀ yìí ni. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ọkọ rẹ̀ má sún mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kó wá padà, kí n wò ó. Tó bá ti jinná, kí wọ́n máa ṣe lọ́kọláya wọn lọ. Sọ fún un pé obìnrin ṣì ni. Ó ṣeé ṣe kó tilẹ̀ gbádùn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí kò sóhun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu mọ́."

Ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi.

Mo jáde. Mo rí Bàbá Ràfíù nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Ó ti ká apá jalábíà rẹ̀ sókè, ó ń fọ ìró Ìyá Ràfíù, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti bà jẹ́. Àwọn obìnrin tó ń tọ́jú èèyàn wọn níbẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀kan ní, "Alfa, ṣé ẹ̀yin ni ìyá aláìsàn ni?"

Ó ní, "Èmi ni ọkọ rẹ̀. Èmi náà ni ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Wọ́n kí i, wọ́n ṣàdúrà fún un. Mo dúró, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ nínú omi pupa yẹn. Nígbà tí mo bí Mọ́ríámù, ẹ̀jẹ̀ wà láṣọ tèmi náà. Ọkọ mi kò fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ẹni tó fọ̀ ọ́: Ìyá Ràfíù ni. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́ fún ogójì ọjọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe dúró níbẹ̀. Owú kò jẹ́ kí mímọ̀ náà ṣe mí láǹfààní.

Ọkọ wa rí mi. Ó ní, "Kí ni dókítà wí?"

Mo tò ó fún un lẹ́sẹẹsẹ: ẹ̀jẹ̀, ibà, ẹrù, odó, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Irọ́ tí òótọ́ bá yí ká, kò sẹ́ni tó ń fura sí i. Iṣẹ́ mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo wá kan ibi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mo ní, "Ó ní ẹ ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn mọ́ láyé. Ó ní ibi tí òun rán máa já, ẹ̀jẹ̀ á sì pa á."

Mo rò pé yóò bínú, tàbí kó bi mí léèrè. Ó kàn ju aṣọ náà sílẹ̀ sínú omi. Ó ní, "Alihamudulilahi. Ẹ̀mí rẹ̀ ni mo fẹ́." Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń fọ aṣọ lọ.

Mo fi irọ́ lù ú, irọ́ náà kò tilẹ̀ dùn ún tó bí mo ṣe fẹ́.

Ìyá Ràfíù fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ. Ìtìjú kò jẹ́ kó bi nọ́ọ̀sì kankan; ta ni ìyá ọlọ́mọ méje máa bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Ọkọ wa wà lóko, èmi ni mo mú un lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ó ti jinná pátápátá, kò sóhun tó kù tí kò lè ṣe. Ìyá Ràfíù yíjú sí mi. "Kí ló wí, Ìyàwó?"

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Mo ní, "Ó ní ó ti jinná. Ó ní kí ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ìjọ́sí."

Ó mi orí. A wọ bọ́ọ̀sì. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Òmù-Àrán kó tó lanu. Ó ní, "Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí, Ìyàwó. Mo rò pé ó ṣì kù." Mo ń wo ìta.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn ìrun, ó pe ọkọ wa, ó pe ẹ̀gbọ́n ọkọ wa, ó pè mí. Ó ní, "Mo ní ohun tí mo fẹ́ fi tọrẹ. Ọjọ́ méjèèjì mi, mo fi ta Ìyàwó lọ́rẹ. Kí ọkùnrin má baà máa sùn ti ohun tí kò lè fọwọ́ kàn."

Bàbá Ràfíù kọ̀. Ó ní, "Àjọkẹ́, ọjọ́ rẹ kì í ṣe tara nìkan. Ẹ̀sìn kò ní kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ torí àìsàn."

Ó ní, "Ẹ ò gbà á. Èmi ni mo fi tọrẹ. Àbí ẹ̀sìn ní kí n má fún ọmọ ìyá mi lẹ́bùn?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ wa ní òótọ́ ni, aya lè fi ọjọ́ rẹ̀ ta aya ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ó ṣàdúrà sí i. Gbogbo wọn wá ń wò mí. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ràfíù, mo ní, "Ẹ ṣé o, Ìyáálé mi." Ó gbé mi dìde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀ kí ẹ wò mí. Ohun tí mo jí, olóhun tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í fún mi.

Fún ọdún mẹ́ta, gbogbo ọjọ́ jẹ́ tèmi. Ìkòkò di tèmi, ọkọ di tèmi. Kí ni mo rí níbẹ̀? Tó bá jẹun tán, á ní, "Ṣé Àjọkẹ́ ti jẹun?" Lẹ́yìn Ásárì, tí àwọn ọmọ kéwú bá ti tú ká, ìdí máńgòrò yẹn náà ló ń lọ. Ẹ̀rín kò dá. Nígbà náà ló yé mi pé ohun tí mo ń wá kò sí nínú ohun tí mo gbà. Owú mi kò sì dín. Ó tún wú sí i ni, torí ní báyìí n kò mọ ohun tí mo tún lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bi mí pé kí ló dé tí n kò fi jẹ́wọ́ nígbà náà. Ẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ló mú mi sọ̀rọ̀ báyìí. Ìyá Tósìn ni.

Ará Ìlọ́fà ni Ìyá Tósìn, ó ń ta ata lọ́jà Òsì, nítòsí ibi tí Ìyá Ràfíù ń ta gààrí. Ìjọ Aládùúrà ni ó ń lọ. Kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Irú àìsàn ìyáálé mi ló ń ṣe é. Oògùn kò ràn án, dókítà kan náà yẹn ti ní iṣẹ́ abẹ náà ni, ó ti dá ọjọ́ fún un. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó bá Ìyá Ràfíù wálé láti bi í bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí. Kò lè jókòó. Ó dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

Ìyá Ràfíù sọ ohun gbogbo fún un láìfi kan pe méjì. Ó ní, "Ara á tù ọ́, ọmọ mi. Ìtọ̀ kò ní máa já lé ọ lára mọ́. Wàá jókòó bí ènìyàn. Wàá rẹ́rìn-ín láìfi ọwọ́ di abẹ́ mú. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́. Ti ọkọ, ó parí."

"Ó parí bíi báwo?"

"Bí ẹni pa iná."

Ìyá Tósìn pariwo. "Háà! Èmi nìkan ni Bàbá Tósìn ní. Ṣé kí n fi ọwọ́ ara mi lọ wá ìyàwó fún un ni?"

Ìyá Ràfíù nawọ́ sí mi. "Bi Ìyàwó mi. Etí rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Oníròyìn ni, kì í yí ọ̀rọ̀ padà."

Àwọn méjèèjì ń wò mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. N kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Tósìn ní, "Kàkà kí ọkọ mi máa wò mí bí àpò tí wọ́n ti tú ọkà inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n máa gbé e kiri. Mo ti mọ bí mo ṣe ń gbé e."

Ọjọ́ tí dókítà dá fún un kọjá, kò lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì, Ìyá Ràfíù ti ọjà dé, kò dá àpárá kankan. Ó ní, "Ibẹ̀ ti ń degbò lára Ìyá Tósìn. Aṣọ tó ń fi dì í ti ha á. Ó sì ní òun ò lọ." Ó ní òun ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ti sọ fún un pé ọjọ́ tó bá gbà, òun ni yóò bá a dé Ìlọrin, òun ni yóò dúró tì í.

Mo lè fi owú fìyà jẹ ìyáálé mi, kí n máa purọ́ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Ṣùgbọ́n kí ni Ìyá Tósìn fi ṣe mí?

Lọ́jọ́bọ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọ́fà. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lórí ìdúró, ó gbé agbọ̀n sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè bá a láìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Tósìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Kì í ṣe títí láé." Mo tẹ fóònù, ohùn dókítà jáde, mò ń tú u ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Ó gbọ́ tán. Ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn ẹ ní ó parí. Lónìí ẹ ní kò parí. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni irọ́. Èwo ni kí n mú?"

Kò sí ẹni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀gẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí.

Kò bú mi. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Nítorí pé ó fọ aṣọ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní, "Mo máa lọ. Kì í ṣe torí fóònù yín. Mo máa lọ bi dókítà náà fúnra mi. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Òkè-Ọ̀pin ti wà níbẹ̀ báyìí, ó ń tú u fún èèyàn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni màá lọ." Ó wá gbójú sókè. "Ìyá Ràfíù ló ń bá mi lọ. Yóò wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá ń béèrè. Ẹ sọ fún un kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ìdí bẹ́ẹ̀dì mi ni yóò ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ọmọ kékeré tó wọ aṣọ funfun."

Mo ṣèlérí. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Jímọ̀ kọjá, n kò sọ. Sátidé kọjá, n kò sọ.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, tí irú nǹkan yìí bá ń ṣe yín, ẹ fi ẹnu ara yín bi dókítà, kí ẹ sì bi í ní ibi tó ń tì yín lójú gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ́ etí yín. Irú mi pọ̀.

Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Kì í ṣe pé ọkọ mi lè lé mi ni mò ń bẹ̀rù jù. Kì í ṣe bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á pe ìpàdé lé mi lórí. Ohun tó ń gbé mi lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ni pé tí ìyáálé mi bá gbọ́, yóò gba ọjọ́ rẹ̀ padà. Ọkọ wa yóò sì padà sí yàrá rẹ̀ bí ẹni tó ti ìrìn-àjò ọdún mẹ́ta dé. Mo ń rí ojú rẹ̀ bó ṣe máa rí. Ó ń dùn mí. Mo ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo ti sunkún lé e, ó sì tún ń dùn mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín. Ẹ̀yin alfa, ẹ̀yin ìyáálé, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ ìyàwó kejì rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ṣé ẹni tí owú ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ lè tọrọ àforíjì, kí àforíjì náà jẹ́ àforíjì? Ṣé kí n dúró di ìgbà tí inú mi bá mọ́ ni? Mo bẹ̀rù pé tí mo bá dúró dè é, mi ò ní sọ ọ́ láé.

Ọjọ́ Àìkú la wà yìí. Ìyá Ràfíù wà lẹ́yìnkùlé, ó ń di ẹrù tí yóò gbé tẹ̀lé Ìyá Tósìn lọ sí Ìlọrin. Ó ti ṣa ìró àtijọ́ mẹ́rin jọ, ó ní ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn kì í wọ aṣọ tuntun. Okùn àpò kò ká a, ó ń pè mí kí n wá bá òun fà á. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti dáhùn. Mo mú fóònù tí ohùn dókítà wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́, mo ń lọ bá a.